Kí Ẹ̀rọ Wọn Fohùn Ṣọ̀kan Kí Wọ́n Tó Dá Wa Lẹ́jọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ará yòókù tó lè kọ́gbọ́n, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kòtò náà wà, kí ó sì mọ ohun tó gbẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìdánwò àṣewọlé ọdún 2025 yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn kan tó ń jókòó tì wá nínú ìpàdé ẹgbẹ́ kò lè gbàgbé, nítorí àwọn gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí á rán ara wa létí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2025, JAMB gbé èsì ìdánwò UTME jáde. Èsì ọmọ 1,955,069 ni wọ́n ní ó ti wà nílẹ̀, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ nínú wọn kò sì gba 200 nínú 400. Gbogbo ìlú ń pariwo. Àwọn kan ní ọmọ ìwòyí kò kàwé mọ́, wọ́n ní fóònù ló ba ayé wọn jẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ohun ayọ̀ ni, pé ó fi hàn pé wọ́n ti dènà màgòmágó. Àwọn ọmọ tó mọ ohun tí wọ́n kọ ní yàrá ìdánwò ń sunkún, àwọn òbí kan sì ń bá wọn jà nílé.

Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tó jẹ́ olórí JAMB nígbà náà, jáde ní Àbújá, ó ní àṣìṣe wà nínú èsì náà, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún ní gbangba. Ọmọ 379,997 ni àṣìṣe náà kàn: 206,610 ní ibùdó ìdánwò 65 ní Èkó, àti 173,387 ní ibùdó 92 ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ti ìlà oòrùn gúúsù, ìyẹn Abia, Anambra, Ebonyi, Enugu àti Imo. Wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 16. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi múra, ìdánwò WAEC sì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà.

Kí ló fà á? Kì í ṣe olè, kì í ṣe iná tó lọ. Bí JAMB ṣe ṣàlàyé rẹ̀, agbo sáfà méjì ló ń gbé ìdánwò náà. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní KAD, wọ́n ń pe èkejì ní LAG. Lọ́dún náà, wọ́n yí ètò padà: wọ́n ń da ìbéèrè rú, wọ́n sì ń da àwọn ìdáhùn tí a ó mú nínú wọn rú pẹ̀lú, kí ẹni tó jókòó ti ara wọn má baà lè wo ìwé ara wọn. Àtúnṣe tuntun tí ẹ̀rọ nílò láti fi mọ bí yóò ṣe máàkì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, wọ́n fi sí KAD. Wọn kò fi sí LAG. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí èsì fi jáde.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ kan ní Ìkòròdú lè mú ìdáhùn tó tọ́, kí ẹ̀rọ tó ń máàkì sì máa fi ìlànà àtijọ́ wò ó. Ọmọ mìíràn ní ìlú tí KAD ń bójú tó mú ìdáhùn kan náà, ó gba máàkì rẹ̀. Àwọn méjèèjì kàwé, wọ́n sì kọ òtítọ́. Ẹ̀rọ méjì tó yẹ kó jẹ́ ọ̀kan náà ni kò fohùn ṣọ̀kan.

Èrò tiwa nìyí, a ó sì gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: iléeṣẹ́ èyíkéyìí tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà dá ènìyàn lẹ́jọ́, ì báà jẹ́ ìdánwò, owó, ìdìbò tàbí káàdì ìdánimọ̀, kò gbọdọ̀ kàn sọ fún wa pé òun ní àdàkọ púpọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé àwọn àdàkọ náà fohùn ṣọ̀kan kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá sì fohùn ṣọ̀kan, kí ó dákẹ́.

Ìjókòó Kan, Èrò Méjì

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí á gba Idu lọ. Gbogbo wa tí a ń gbé Àbújá la mọ Idu, ní apá ibi tí àwọn iléeṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Kàdúná bọ̀ ń dé sí láti ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2016 tí wọ́n ti ṣí i, ìrìn nǹkan bí kìlómítà 186 láti Rigasa. Nígbà kan, ńṣe ni a máa ń tò sórí ìlà fún tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn alágbàtà a sì ti ra èyí tó pọ̀ jù pamọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 ni wọ́n gbé rírà tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ fún ọ̀nà náà.

Ẹ jẹ́ kí á fi tíkẹ́ẹ̀tì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìjókòó kan ṣoṣo ló kù nínú ọkọ̀ àárọ̀. Ìyá oníṣòwò kan wà ní Idu tó fẹ́ rà á, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Kàdúná tó fẹ́ rà á. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ sáfà kan ṣoṣo ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí wàhálà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò mú un. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dágbó ṣe. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò ṣiṣẹ́, bí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ojú títì bá já wáyà, bí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ bá kú, kò sẹ́ni tí yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan ní Idu, ní Kubwa tàbí ní Rigasa. Nítorí náà, onímọ̀ ẹ̀rọ yóò gbé ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀, yóò sì da àkọsílẹ̀ kan náà sínú gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá kú, òmíràn á gba iṣẹ́ ṣe.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ti Àbújá ní ìjókòó náà ṣì ṣófo, ó tà á fún ìyá oníṣòwò. Kí ó tó ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ti Kàdúná, ìyẹn náà wo ìwé tirẹ̀, ó rí i pé ìjókòó ṣófo, ó tà á fún akẹ́kọ̀ọ́. Ènìyàn méjì ti sanwó, àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Àdàkọ tí a ṣe kí ìṣòro lè dín kù ti di ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ìyá wa. Ẹ wo alájọ tó ń gba owó káàkiri ọjà. Káàdì wà lọ́wọ́ oníbàárà, ìwé wà lọ́wọ́ alájọ. Bí oníbàárà bá dá owó, alájọ tó mọ iṣẹ́ á sàmì sínú méjèèjì lójú ẹsẹ̀, kí ó tó kúrò ní ìsọ̀ náà. Èyí tó bá ní òun á kọ tòun sílẹ̀ bí òun bá délé, ọjọ́ tí wọn yóò kó àjọ ni yóò mọ̀ pé òun ti dá ìjà sílẹ̀. Káàdì méjì kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Kíkọ méjèèjì pa pọ̀ kí a tó sọ pé ó ti parí ni ààbò.

Òfin Mẹ́ta Tí Kò Ṣe É Yẹ̀

Ní ọdún 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Leslie Lamport kọ ìwé kan lórí bí àwọn ẹ̀rọ tó jìnnà síra ṣe lè mọ ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e. Láti ara iṣẹ́ yẹn àti ti àwọn tó tẹ̀lé e ni ìlànà kan ti jáde tí a lè fi òfin mẹ́ta sọ.

Èkíní, kí gbogbo ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kan náà. Ẹ̀rọ tuntun, tàbí èyí tó ṣàìsàn tó sì padà dé, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ láwùjọ títí yóò fi gba gbogbo ìwé tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì, kí gbogbo wọn gba ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ní títẹ̀léra kan náà. Ká ní kò sí kọ́bọ̀ nínú àpò ìfowópamọ́ kan. Bí náírà 5,000 bá kọ́kọ́ wọlé, tí a sì wá yọ 4,000, yóò ku 1,000. Bí ẹ̀rọ mìíràn bá kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ 4,000, yóò ní kò sówó, yóò kọ̀ ọ́, nígbà tí 5,000 bá sì wọlé, 5,000 ni yóò wà níbẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ọ bákan náà. Ẹ̀rọ méjì ti ń sọ ìtàn méjì nípa owó ẹnì kan.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo wọn máa lo ètò kan náà. Bí ìwé bá dọ́gba, tí títẹ̀léra dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kan ń fi ìlànà ọdún tó kọjá ṣe ìṣirò, èsì kò lè dọ́gba láéláé. Òfin ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n rú lọ́dún 2025. Òun ni ó rọrùn jù lọ láti pa mọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò gba owó ńlá, kò gba ọ̀mọ̀wé láti òkè òkun. Kí a kàn bi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan léèrè pé, "Ètò wo lo ń lò?", kí a sì fi ìdáhùn wọn wé ara wọn.

Àwọn baba wa mọ irú nǹkan báyìí láìní kọ̀ǹpútà. Odù Ifá jẹ́ 256, ẹsẹ tó wà nínú wọn kò lóǹkà, kò sì sí ilé kan ṣoṣo tí a kó gbogbo rẹ̀ sí. Orí ọ̀pọ̀ babaláwo ní oríṣiríṣi ìlú ló wà. Síbẹ̀ ó pẹ́ láyé. Kò pẹ́ nítorí pé ó pọ̀ lórí ènìyàn nìkan. Ó pẹ́ nítorí pé wọ́n ń pàdé, wọ́n ń kì í létí ara wọn, bí ọ̀kan bá sì ṣi ẹsẹ kan kì, àwọn yòókù á tọ́ ọ sọ́nà. Àdàkọ tí a kò fi wé ara wọn kì í pẹ́ di irọ́.

Ọba Méjì Kì Í Gbé Ààfin Kan

Ẹnìkan lè ní àìní ìmọ̀ àwa ará Nàìjíríà ló fa èyí. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí á wo GitHub, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n ń tún ẹ̀rọ ìsopọ̀ kan ṣe ní apá ìlà oòrùn ilẹ̀ wọn. Ìsopọ̀ já fún ìṣẹ́jú àáyá 43 péré. Láàárín àsìkò yẹn, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwọn sáfà rò pé olórí ti kú ní ìlà oòrùn, ó sì fi òmíràn jẹ olórí ní ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí ìsopọ̀ padà, àwọn nǹkan wà nínú ìwé ìlà oòrùn tí kò sí nínú ti ìwọ̀ oòrùn, ìwé ti ìwọ̀ oòrùn náà sì ti gba tirẹ̀. Ó gbà wọ́n ní wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 kí gbogbo nǹkan tó padà sípò. Ìṣẹ́jú àáyá 43 bí ọmọ wákàtí 24.

Ohun tó wú wa lórí nínú ìtàn náà ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ra. Wọ́n lè ṣí ilẹ̀kùn kíá, kí wọ́n sì da ìwé apá kan nù. Wọ́n ní kí iṣẹ́ oníbàárà má sọnù sàn ju kí ilẹ̀kùn tètè ṣí lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ gbogbo bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé kà.

Báwo ni a ṣe ń dènà ọba méjì? Ìwé òfin ẹgbẹ́ wa pàápàá mọ̀ ọ́n. Bí iye ọmọ ẹgbẹ́ tó wá sí ìpàdé kò bá ju ìdajì lọ, a kì í dìbò. Ẹ jẹ́ kí á ro ìdí rẹ̀. Bí ìpàdé kan bá ní ju ìdajì lọ, tí ìpàdé kejì náà ní ju ìdajì lọ, ó kéré tán, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìpàdé méjèèjì. Ẹni yẹn ni yóò jẹ́rìí pé, "A ti pinnu ọ̀rọ̀ yìí lánàá." Nítorí náà, ìpinnu méjì tó takora kò lè jáde. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí márùn-ún kalẹ̀, kì í ṣe méjì. Bí wáyà bá já láàárín mẹ́ta, méjì yóò wà pọ̀, ọ̀kan yóò dá wà. Méjì tó wà pọ̀ á máa bá iṣẹ́ lọ, ọ̀kan tó dá wà á gbẹ́nu dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ méjì péré ni, tí wáyà sì já, ìkíní kò mọ̀ bóyá èkejì kú tàbí ó kàn dákẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá sọ̀rọ̀, wọ́n ti di ọba méjì.

Ìlànà yìí kì í ṣe àṣírí. Lamport kọ ọ̀kan tí ó pè ní Paxos, ìwé náà sì jáde lọ́dún 1998. Nítorí pé ó ṣòro láti yéni, Diego Ongaro àti John Ousterhout ní yunifásítì Stanford gbé Raft jáde lọ́dún 2014, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lóye rẹ̀. Ètò tó ń lò ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà má lè kà á kó sì lò ó.

Kí Ni A Ó Fi San Án?

A kò ní tan yín. Ìfohùnṣọ̀kan ní iye tí à ń san. Ní ọdún 2000, Eric Brewer ti yunifásítì California ní Berkeley sọ ọ́, Seth Gilbert àti Nancy Lynch ní MIT sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2002: bí ìsopọ̀ bá já láàárín àwọn ẹ̀rọ, a gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú méjì. Yálà kí ẹ̀rọ dá gbogbo ènìyàn lóhùn, kí ìdáhùn rẹ̀ sì lè má bá ti ẹnìkejì mu, tàbí kí ó kọ̀ láti dá àwọn kan lóhùn, kí irọ́ má baà jáde. A kò lè gba méjèèjì pọ̀.

Ìsopọ̀ sì ń já. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, títí kan tiwa. Iṣẹ́ àwọn báńkì kan dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ yìí bí ẹni pé wáyà kì í já, ńṣe ló ń kọ́ ilé sí ojú odò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìbéèrè tó kù ni pé, níbo ni ó ti yẹ kí ẹ̀rọ dúró, níbo ni ó ti yẹ kí ó máa lọ? Lójú tiwa, kò ṣòro. Bí iye ènìyàn tó fẹ́ràn fọ́tò wa lórí Facebook bá yàtọ̀ ní Èkó sí ti Londọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Kí ó máa lọ. Bí wákàtí tí ọkọ̀ ojú irin yóò gbéra bá pẹ́ díẹ̀ kí ó tó hàn lójú pátákó, a ó kùn, a ó sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n owó, máàkì, ìbò, orúkọ èrò inú ọkọ̀, àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ dúró.

Orúkọ èrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn kọ lu ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àbújá lọ sí Kàdúná, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó wà lẹ́nu àwọn ẹbí ni pé, "Ta ló wà nínú rẹ̀?" Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni gbogbo ẹni tó wọ ọkọ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé méjì tí kò bára mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá tó dúró tí kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni.

Gbogbo wa náà la mọ ti báńkì. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ẹ̀rọ ní owó ti lọ, ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ní òun kò rí i. A ti jìyà rẹ̀ níwájú ìsọ̀ oúnjẹ, tí olóúnjẹ di abọ́ mú, tí àwa náà di fóònù mú. Kí ẹ̀rọ sọ fún wa pé, "Ẹ dúró ná, kò tíì parí," sàn fún wa ju kí ó sọ pé ó ti parí nígbà tí ìwé kan ṣoṣo ló gbà á.

Ẹ Má Jẹ́ Kí Á Sọ Ọ́ Di Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yà

Nígbà tí àbájáde yẹn ṣẹlẹ̀, àwọn kan ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é sí ẹ̀yà kan ni. Àwa tí a tọ́ dàgbà ní Àbújá, tí a bá ọmọ Igbo, ọmọ Hausa, ọmọ Gbagyi àti ọmọ Tiv jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ó yẹ kí á lè dá èyí lóhùn. Ẹ wo iye tí a kọ sókè. Èkó, tó jẹ́ ilẹ̀ wa, ni ọmọ tó jìyà rẹ̀ ti pọ̀ jù: 206,610. Ẹ̀rọ kò mọ ẹ̀yà. Ó mọ agbo tí wọ́n so ó mọ́. Ẹni tó bá ń wá ọ̀tá láàárín ẹ̀yà kò ní ráyè wá àṣìṣe inú ètò, àṣìṣe náà yóò sì dúró de àwọn àbúrò wa. A kì í fi ete sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé, "Àṣìṣe ènìyàn ni, ó ti parí." Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe àṣìṣe, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé ètò kalẹ̀ tí yóò mú un kí ó tó jáde. A yin JAMB pé ó jẹ́wọ́ ní gbangba, nítorí kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n omijé àgbà kò lè rọ́pò àyẹ̀wò.

Àwọn mìíràn ní kò sówó, kò síná. Àwa náà ń gbé inú òkùnkùn, a mọ̀. Àmọ́, wíwo ètò inú ẹ̀rọ méjì bóyá wọ́n dọ́gba kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Títún ìdánwò ṣe fún ọmọ tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 380 ńkọ́? Èwo ló wọ́n jù?

Ohun Tí À Ń Béèrè

Ohun mẹ́rin ni a fẹ́ kí gbogbo iléeṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ dá wa lẹ́jọ́ ṣe.

Kí wọ́n fi ètò inú gbogbo agbo sáfà wé ara wọn ní òwúrọ̀ ìdánwò, kí ẹ̀rọ tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ má ṣiṣẹ́ rárá.

Kí wọ́n fi ìwé ìdánwò kan tí a ti mọ máàkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí agbo kọ̀ọ̀kan. Bí a bá mọ̀ pé 300 ló yẹ kí ó gbà, tí agbo kan sì fún un ní 140, a ti mú olè kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí wọ́n fi èsì agbo kan wé ti èkejì kí èsì tó jáde. Bí ọmọ Èkó bá fìdí rẹmi lọ́nà tí kò ṣẹlẹ̀ rí, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ léèrè kí wọ́n tó bú ọmọ.

Kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bí àṣìṣe bá wà, ní èdè tó yé wa, kí á lè kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí, iṣẹ́ wà fún yín náà. Ọ̀pọ̀ yín ni iléeṣẹ́ ìjọba àti báńkì yóò gbà sí iṣẹ́ lọ́la. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá bá ní kí ẹ gbé e jáde kíá, pé ẹ̀rọ kejì á bá a lọ́nà, ẹ rántí àwọn ọmọ Èkó wọ̀nyẹn. Ẹ fi kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ti gbó gbìyànjú Raft wò ní yàrá yín. Ẹ já wáyà ọ̀kan, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ẹni bá ṣe kì í tètè gbàgbé.

Àwa yòókù tí a kò kọ́ nípa ẹ̀rọ, a kò gbọdọ̀ panu mọ́. Bí wọ́n bá sọ fún wa pé àkọsílẹ̀ wa wà ní ibi púpọ̀, kí á bi wọ́n pé, "Ṣé wọ́n bára mu?" Ìbéèrè kan péré ni, kò sì gba ìwé ẹ̀rí láti béèrè rẹ̀.

Èdè tí a fi kọ ìwé yìí náà ń béèrè irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò gbé Ìbàdàn tàbí Iléṣà rí ju ìgbà ọdún Kérésì tàbí Iléyá lọ. Yorùbá tó wà lẹ́nu wa jẹ́ àdàkọ tó ń pẹ́ kí ó tó gbọ́ tuntun. Nítorí náà ni a ṣe ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ọ̀kan ń tún ọ̀rọ̀ ẹnìkejì ṣe láìsí ìtìjú. Bí a bá lè ṣe èyí fún èdè wa láìgba owó oṣù, àwọn tí à ń sanwó fún lè ṣe é fún máàkì wa.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí á kàwé fún ẹ̀rọ tí yóò purọ́ mọ́ wa. Ire o.